Ẹ ṣọ́ra fún ajẹ́ńtì tó ń mú ẹnjiníà tirẹ̀ wá

Ẹ̀yin tí ẹ ń wá ilé rà láti Ajah títí dé Sangotedo l'Ékòó, ẹ dúró ná. Ajẹ́ńtì kan ń fi pẹ̀tẹ́ẹ̀sì oníyàrá mẹ́rin kan han èèyàn káàkiri. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀, àmọ́ bó ṣe ṣe mí nìyí.

Ó kọ́kọ́ gba ₦10,000, ó ní owó inspection ni. Kò yẹ nǹkan kan wò o! Ó ṣílẹ̀kùn, ó tanná, ó ní ká wo POP. Nígbà tí mo ní mo fẹ́ mú ẹni tó mọ̀ nípa ilé wá, ó ní kí n má yọ ara mi lẹ́nu, òun ní ẹnjiníà. Ìyẹn gba ₦80,000, ó fi tọ́ọ̀ṣì tan òkè, ó tan ilẹ̀, ó sì kọ ìwé ojú ewé kan pé ilé le koko.

Oṣù kìíní ni, ọyẹ́ ń fẹ́, gbogbo ilẹ̀ gbẹ táútáú. Lọ́yà mi ti wo ìwé ilẹ̀, kò sí wàhálà níbẹ̀. (C of O ò kúkú sọ bóyá òpó ilé lágbára.) Ó kù díẹ̀ kí n san àsansílẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló gbà mí. Kò tilẹ̀ kọ́kọ́ wọlé, ilé kejì ló yà sí. Ó rí búlọ́ọ̀kù tí wọ́n tò dábùú ẹnu ọ̀nà wọn. “Ẹ kú ilé o, mà. Kí lẹ ń fi èyí ṣe?” Màmá ibẹ̀ rẹ́rìn-ín: “Omi ni, ọmọ mi. Ẹ jẹ́ kójò bẹ̀rẹ̀ ná.”

La bá padà. Nínú ilé òfìfo yẹn, kọ́bọ́ọ̀dù kan ṣoṣo ló dá dúró ní pálọ̀. A sún un. Ọ̀dà tuntun ti wú lẹ́yìn rẹ̀; mo fi èékánná kàn án, ó ṣí bí èèpo ẹ̀pà, ìyẹ̀fun funfun bí iyọ̀ wà lábẹ́ rẹ̀.

Mo wá ẹnjiníà tó ní ìwé COREN, àjọ tó ń ṣàkóso iṣẹ́ ẹnjiníà ní Nàìjíríà, tí kò mọ ajẹ́ńtì náà rí. Ó gbé hámà tó máa ń ta padà lára kọnkéré wá, ó ń kọ nọ́ńbà tó ń fi bí òpó kọ̀ọ̀kan ṣe le tó hàn. Ti òpó méjì nísàlẹ̀ kéré gan-an sí ti ìyókù. Ó ní ìyẹn nìkan ò tó dájọ́, kí Lagos State Materials Testing Laboratory yẹ̀ ẹ́ wò, kí n sì béèrè ìwé àṣẹ ìkọ́lé. Ajẹ́ńtì fi òní dónìí, ọ̀la dọ́la, kó tó mú un wá. Ilé ilẹ̀ ni LASPPPA, àjọ tó ń fúnni ní àṣẹ ìkọ́lé l'Ékòó, fọwọ́ sí! Wọ́n kàn gbé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì lé e ni. Ìwé LASBCA, àjọ tó ń mójú tó ilé kíkọ́ l'Ékòó, pé ilé parí, pé ó ṣe é gbé? Kò sí.

Mo fà sẹ́yìn. ₦80,000 mi ti lọ.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọ̀rẹ́ mi kan fi fọ́tò ilé kan ránṣẹ́ pé ṣé kóun sanwó. Ilé yẹn náà ni. Wọ́n ti tún un kùn. Kọ́bọ́ọ̀dù ṣì wà níbi tó wà.