API Open Library nínú ọwọ́ ẹni tó ń to ìwé Yorùbá jọ

Tó bá jẹ́ ìwé kíkà lẹ̀ ń wá, àgbéyẹ̀wò yìí ò fi bẹ́ẹ̀ kàn yín. Ẹ̀yin tí ẹ ń tẹ ìwé sórí ẹ̀rọ, tí ẹ ń to káàtálọ́ọ̀gì tàbí tí ẹ ń ṣe áàpù ìkàwé ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Open Library jẹ́ káàtálọ́ọ̀gì ìwé orí íntánẹ́ẹ̀tì; API rẹ̀, ìyẹn ọ̀nà tí ètò kọ̀ǹpútà fi ń béèrè nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀, ni mo fi ń to àkójọ ìwé Yorùbá wa, mi ò sì tíì rí èyí tí mo máa torí ẹ̀ pa á tì.

Internet Archive, àjọ tí Brewster Kahle dá sílẹ̀ ní San Francisco lọ́dún 1996, ló ni Open Library. Wọ́n fẹ́ kí gbogbo ìwé tí wọ́n ti tẹ̀ láyé ní ojú-ewé tirẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ fi ISBN, nọ́ńbà ìdánimọ̀ tí wọ́n ń tẹ̀ sára ìwé, sẹ́yìn àdírẹ́sì wọn, openlibrary.org/isbn/, ẹ fi .json kádìí ẹ̀, kọ̀ǹpútà wọn á dá tiyín lóhùn: àkọlé, ilé iṣẹ́ tó tẹ̀ ẹ́, ọdún, iye ojú-ewé, ìyẹn bí ẹnì kan bá ti kọ ọ́ síbẹ̀. Ẹ ò ní forúkọ sílẹ̀, ẹ ò sì ní sanwó. Ẹ kọ language:yor sínú ìbéèrè, ìwé Yorùbá nìkan ni yóò kó wá. Tó bá jẹ́ àwòrán èèpo ìwé lẹ̀ ń fi ISBN wá, 100 péré ni wọ́n fàyè gbà láàárín ìṣẹ́jú 5, nítorí náà ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ bá pọ̀ kó yáa ṣètò rẹ̀ ní díẹ̀díẹ̀.

Ibi tó ti wúlò fún wa jù lọ rèé. Ọdún 1970 ni ISBN ṣẹ̀ṣẹ̀ di ìlànà àgbáyé. Àìmọye ìwé Yorùbá ti jáde kó tó dìgbà yẹn, wọn ò sì ní nọ́ńbà kankan tí ẹ̀rọ lè fi dá wọn mọ̀. Lójú ilé ìtajà orí íntánẹ́ẹ̀tì, bíi pé wọn ò sí ni. Open Library máa ń fún ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀, tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú OL, tó parí pẹ̀lú M, ISBN ì báà wà tàbí kó má sí. Òmíràn tó parí pẹ̀lú W wà fún iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀, abẹ́ ẹ̀ ni gbogbo ẹ̀dà ń kóra jọ sí. Ẹ̀dà tí wọ́n fi àkọtọ́ àtijọ́ tẹ̀, tó kọ “aiye” àti “enia”, àti èyí tó tẹ̀ lé ìlànà 1974 lè wá wà lójú kan. Ẹnikẹ́ni ló sì lè fi ìwé tí kò sí níbẹ̀ kún un. Èmi gan-an ń ṣe é, ní pàtàkì nírọ̀lẹ́ tí iná bá wà.

Àmọ́ bí ẹnikẹ́ni ṣe lè kọ ọ́ náà ló ṣe lè kọ ọ́ lódì. Ẹ máa fi ìwé fúnra rẹ̀ yẹ̀ ẹ́ wò. Àmì ohùn tún wà ńbẹ̀: nínú Unicode, ìlànà tí kọ̀ǹpútà fi ń tọ́jú lẹ́tà, kò sí kóòdù ẹyọ kan fún ọ́ tàbí ẹ̀, àkànpọ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ọ̀nà tí a lè gbà kàn án pọ̀ ju ọ̀kan lọ. Àkọlé kan náà lè di méjì lójú ẹ̀rọ. NFC, ọ̀kan nínú ìrísí tí Unicode là kalẹ̀ kí ìkọ̀wé lè bára mu, ni mo ń sọ gbogbo rẹ̀ dà kí n tó fi ìbéèrè ránṣẹ́.

Ẹ má gbé òwò yín ka orí ìwé yíyá tí wọ́n ń ṣe o. Ilé iṣẹ́ atẹ̀wé ńlá mẹ́rin pe Internet Archive lẹ́jọ́ lórí rẹ̀ ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2020, àwọn atẹ̀wé náà jàre ní 2023, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn sì fọwọ́ sí i ní 2024. Ìwé tó lé ní 500,000 ni Internet Archive yọ kúrò lára èyí tí wọ́n ń yáni. Àkọsílẹ̀ nípa ìwé ni mò ń bá wọn gbà, kì í ṣe ìwé náà.

Mo wá ń gbé àkójọ tiwa jáde ní OPDS, ìlànà tí áàpù ìkàwé fi ń ka káàtálọ́ọ̀gì ìwé, òun náà ni Project Gutenberg, ilé ìkàwé ọ̀fẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì, ń lò. Ẹni tó ní áàpù ìkàwé bíi Thorium tàbí KOReader lè ṣí i látinú áàpù rẹ̀, kó gba EPUB (ìwé orí ẹ̀rọ) tó bá wù ú sílẹ̀, láìdé ojú òpó wa rárá.