Rífọ́fà tó ní àgádágodo inú àti èyí tí kò ní

Láti ìgbà tí Saf-T-Hammer, ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe àgádágodo ìbọn, ti ra Smith & Wesson, ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe ìbọn ní Amẹ́ríkà, lọ́dún 2001, ọ̀pọ̀ rífọ́fà wọn (ìbọn ìléwọ́ tí àgbá ọta rẹ̀ ń yí) ló ní ihò kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ òsì, níbi tí a ti ń fi kọ́kọ́rọ́ tì í kí ó má baà lè yìn. Èyí wúlò fún ẹni tí ọmọdé wà nílé rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ olùrà, pàápàá àwọn tí ń gbé ìbọn fún ààbò ara wọn, fẹ́ràn èyí tí kò ní àgádágodo yìí, irú bí àwọn kan lára rífọ́fà Smith & Wesson tí wọ́n ń pè ní 642, nítorí wọ́n ń bẹ̀rù pé ó lè ti ara rẹ̀ lásìkò ewu, ihò náà kò sì wuyì lójú wọn. Èmi náà yóò yan èyí tí kò ní in, kí n sì tì í mọ́ inú àpótí irin.