Bluetooth fún sítẹ́rìó àtijọ́: èyí tí mo rà ní Sábó

Sítẹ́rìó Kenwood tí bàbá mi fi sílẹ̀ ṣì ń dún dáadáa, àmọ́ kò mọ fóònù. Ìyẹn ló gbé mi dé ọ̀dọ̀ oníṣọ́ọ̀bù kan ní Sábó, Ìkòròdú, tí mo fi ra ẹ̀rọ Bluetooth kékeré tí kò ju páálí ìṣáná lọ. Ẹ yẹ ara rẹ̀ wò kí ẹ tó sanwó o: àwọn kan ń gba orin, àwọn kan ń fi orin ránṣẹ́ ni. Èyí tó ń gbà ni ti sítẹ́rìó.

Wáyà rẹ̀ pupa àti funfun, ẹ̀yìn sítẹ́rìó ni mo fi í sí, níbi tí wọ́n kọ AUX sí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi í sí ihò PHONO. Ẹ̀rọ tó ń lu àwo orin ló ni ihò yẹn. Ó máa ń gbé ohùn tín-ín-rín sókè gan-an, ó sì ń fi báàsì kún un. Orin fóònù á kàn máa ha níbẹ̀ ni.

Ohùn rẹ̀ wù mí púpọ̀! Àpàlà Haruna Ishola mọ́ ketekete, agídìgbo ń dún nísàlẹ̀, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ ò bo ohùn mọ́lẹ̀. Ariwo hùùù kan wà nígbà tí ẹ̀rọ Bluetooth náà àti fóònù jọ ń lo ṣájà kan náà. Ìgbà tí mo fi ẹ̀rọ náà sí páwà báǹkì ni ariwo yẹn dákẹ́. Láti yàrá dé pálọ̀ kì í já, àmọ́ ògiri méjì ti pọ̀ jù fún un.

Ẹ rà á fún orin. Fún fíìmù, mi ò gbà yín níyànjú: lórí tẹlifíṣọ̀n mi, ẹnu òṣèré máa ń ṣáájú ohùn.