Ilé fọ́tò tí mo gbé Màmá lọ l'Ẹ̀pẹ́
Màmá mi pé ọdún 80, mo bá gbé wọn lọ sílé fọ́tò kan tí kò jìnnà sí ọjà ẹja Olúwo. Bàbá tó ń ya fọ́tò níbẹ̀ kì í kánjú. Ó kàn ń bi Màmá léèrè bí wọ́n ṣe ń yan ẹja nígbà tí wọ́n ṣì ń tajà. Ibi tí wọ́n ti ń fọwọ́ ṣàpèjúwe ló ti yà wọ́n. Ẹ wo àpá iná lẹ́yìn ọwọ́ wọn!

Àmọ́ ọmọṣẹ́ rẹ̀ fi kọ̀ǹpútà dán ojú wọn títí pélé ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn fi pòórá. Ta wá nìyẹn? Mo ní kí wọ́n dá pélé padà. Wọ́n dá a padà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni mo fi dúró de fírémù.