Àwọn tó bá wa yọ páìpù òjé: ọwọ́ wọn dáńtọ́, ẹnu wọn ló kù díẹ̀ káàtó

Ìràwọ̀ mẹ́rin ni mo fún wọn nínú márùn-ún. Ẹni tó bá ń kánjú lè dúró síbẹ̀. Àmọ́ tí àwọn kọngílá bá ti lẹ ìwé mọ́ ilẹ̀kùn yín pé àwọn ń bọ̀ wá pààrọ̀ páìpù òjé (lead), tó ń gbé omi láti ojú títì wọlé, torí òjé máa ń wọ omi, ó sì léwu fún ara, ẹ fara balẹ̀ kà á tán.

Kí wọ́n tó fọwọ́ kan ilẹ̀, ọ̀gá wọn ní kí n mú òun lọ síbi tí páìpù ti yọrí wọlé, lábẹ́ àtẹ̀gùn. Ó yọ owó ẹyọ kan lápò, ó fi ha páìpù náà lára. Gbogbo ara rẹ̀ ti ṣú, àmọ́ ojú ibi tó ha ń dán bíi fàdákà. Ó gbé òòfà sí i, kò lẹ̀ mọ́ ọn. "Màmá, òjé ni. Tó bá jẹ́ irin ni, òòfà á dì í mú. Tó bá jẹ́ bàbà, pupa lẹ máa rí." Ẹ lè yẹ tilé yín náà wò bẹ́ẹ̀ láìpe ẹnikẹ́ni.

Ohun tó jẹ́ kí n gba tiwọn jù ni pé odindi páìpù ni wọ́n yọ, láti ìdí páìpù ńlá abẹ́ títì títí dé ìdí mítà. Níbi púpọ̀, iléeṣẹ́ omi ló ni ti ojú títì, onílé ló ni ti inú ọgbà, ìdí nìyẹn táwọn kan fi ń pààrọ̀ ìlàjì, tí wọ́n á fi ìyókù sílẹ̀. Tí wọ́n bá fi irú ẹ̀ lọ̀ yín, ẹ má gbà. Gígé tí wọ́n bá gé páìpù yẹn á gbọn ìdọ̀tí òjé inú rẹ̀ sínú omi, ibi tí bàbà tuntun bá sì ti fara kan òjé àtijọ́, kíá ni òjé á máa jẹrà. Omi yín lè wá burú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ fún ìgbà díẹ̀. Gbogbo àdúgbò wa ni wọ́n sì ṣe tẹ̀ léra, ilé sí ilé. Bí wọ́n ṣe ṣe é ní Newark ní Amẹ́ríkà náà nìyẹn: nǹkan bí 23,000 páìpù láàárín ọdún tí kò pé mẹ́ta, wọn ò sì gba owó lọ́wọ́ onílé.

Wọn ò hú ọgbà wa. Kòtò méjì péré ni wọ́n gbẹ́, ọ̀kan létí títì, ọ̀kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Wọ́n ki okùn onírin bọ inú páìpù àtijọ́, wọ́n so orí páìpù bàbà mọ́ ọn, ẹ̀rọ wá ń fà á: bí òjé ṣe ń jáde ni bàbà ń wọlé. Òdòdó mi tó wà láàárín ò tiẹ̀ mọ̀ pé nǹkan ń ṣẹlẹ̀. Ọ̀gá náà gé díẹ̀ fún mi lára ti àtijọ́ kí n rí inú rẹ̀. Èépá kan ti bò ó nínú, ó funfun, ó tún pọ́n rúsúrúsú. Ó ní èépá yẹn ló ń dí òjé lọ́nà kó má wọ omi, pé iléeṣẹ́ omi ń fi oògùn sómi kó má bàa ṣí. Ní Flint, ìlú kan ní Amẹ́ríkà, lọ́dún 2014, wọ́n lọ ń fa omi odò láìfi oògùn yìí sí i, bí òjé ṣe wọ ilé onílé nìyẹn.

Ibi tí wọ́n ti já mi kulẹ̀ nìyí o. Wọ́n ṣí omi, wọ́n ní kí n buwọ́ lùwé, wọ́n kó irinṣẹ́ wọn, ó parí. Ẹnikẹ́ni ò sọ pé ká yọ asẹ́ kékeré ẹnu ẹ̀rọ omi, ká sì jẹ́ kí omi tútù máa ṣàn ní gbogbo ẹ̀rọ omi inú ilé fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ó kéré tán, kí èérún òjé tí iṣẹ́ náà gbọ̀n sílẹ̀ lè ṣàn jáde. Mo ti kà á tẹ́lẹ̀ lèmi fi ṣe tèmi. Mo wá yà lọ́dọ̀ ìyá àgbà tó múlé tì wá, mo bá wọn tí wọ́n ń po tíì.

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dà á nù!"

"Kí ló dé? Mo ti sè é hó."

Sísè ò ran òjé. Omi ló ń gbẹ, òjé á dúró síbẹ̀. Kò ní adùn, kò ní òórùn, kò sì láwọ̀ téèyàn fi lè mọ̀ ọ́n. A tú asẹ́ wọn, a gbọ̀n ọ́n sórí pépà funfun: yanrìn dúdú àti èérún kan tó ń dán. Ìyá wò ó, wọ́n wò mí, wọ́n da tíì nù fúnra wọn. Àwọn ọmọ-ọmọ wọn tí kò tíì pé ọdún mẹ́fà ló máa ń wá lo ìsinmi níbẹ̀, ọpọlọ irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ ni òjé sì máa ń bà jẹ́ jù.

Fíltà tó ń yọ òjé kúrò nínú omi, ìgbà tí mo pe ọ́fíìsì wọn ni wọ́n tó gbé e wá, bẹ́ẹ̀ ó yẹ kí wọ́n fún onílé ní fíltà tó máa tó o lò fóṣù mẹ́fà lẹ́yìn iṣẹ́ báyìí. Ẹ yẹ ara páálí rẹ̀ wò fún NSF/ANSI 53, àmì pé wọ́n ti dán fíltà náà wò, kẹ́ ẹ sì rí i pé wọ́n dárúkọ òjé níbẹ̀, torí fíltà tó ń mú òórùn kúrò nínú omi nìkan pọ̀ lọ́jà.

Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta sí mẹ́fà, ó yẹ kí wọ́n padà wá gba omi fún àyẹ̀wò. Wọ́n á ní kẹ́ ẹ má ṣí ẹ̀rọ kankan fún wákàtí mẹ́fà ó kéré tán kẹ́ ẹ tó bù ú. Òru mọ́jú ló rọrùn jù, àmọ́ ẹ sọ fún gbogbo ará ilé pé kẹ́nikẹ́ni má fọ eyín kẹ́ ẹ tó bù ú tán.