Orí àáké Elwell àtijọ́, àti ilé àgbẹ̀dẹ tí ó sọ ọ́ di ọ̀tun

Ní oṣù Kọkànlá ọdún tí ó kọjá ni mo ra orí àáké kan lọ́wọ́ ẹnì kan tí ó ń pàtẹ irin àlòkù nítòsí Ọjà Ìpàtà ní Ìlọrin. ₦11,000 ni mo san, lẹ́yìn tí a ti ná an títí tí ojú fi fẹ́ máa ti èmi gan-an. Kò ní èèkù, ó ti dógùn-ún, igun ẹnu rẹ̀ kan sì ti fọ́ bí eyín arúgbó, ṣùgbọ́n nígbà tí mo fi yanrìn àti kẹrosíìnì fọ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, orúkọ ELWELL yọ síta. Orúkọ yìí kì í ṣe àjèjì sí àwọn tí ó fẹ́ràn irinṣẹ́ àtijọ́, nítorí pé ọdún 1817 ni ilé iṣẹ́ náà bẹ̀rẹ̀ ní Wednesbury, ní àárín gbùngbùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí wọ́n ti máa ń rọ àáké, ọkọ́ àti ṣọ́bìrì nígbà náà. Mo gbé e sórí òṣùwọ̀n ẹlẹ́ran kan kí n tó kúrò lọ́jà, kílò 1.8 ni ó wọ̀n.

Ohun méjì ni mo fẹ́ yẹ̀ wò níhìn-ín: irin náà fúnra rẹ̀, àti iṣẹ́ tí ilé àgbẹ̀dẹ kan ní ojú ọ̀nà Ajásẹ́-Ìpo sí Ọ̀mù-Àrán ṣe lára rẹ̀. Igi kaṣú mẹ́fà ni mo ti fi gé lulẹ̀ nínú oko bàbá mi lẹ́yìn Ọ̀mù-Àrán, àwọn tí ó ti darúgbó tí wọn kò so mọ́, tí a fẹ́ fi ọ̀dọ́ rọ́pò wọn. Àwọn tí ń gbé ayùn ẹlẹ́ńjìnnì kiri kò jìnnà sí wa, mo sì mọ̀ pé ẹni tí ó bá ní igi ogójì láti gé kò ní ìdí láti máa bá àáké jìjàkadì. Tèmi kò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, owó epo bẹntiróòlù kò sì jẹ́ kí ó rọrùn láti bẹ̀ wọ́n lọ́wẹ̀ fún igi mẹ́fà péré. Kí n má purọ́, ó sì wù mí láti rí ohun tí irin àtijọ́ náà lè ṣe.

Nínú ilé àgbẹ̀dẹ náà, ẹwìrì aláwọ ti di ìtàn. Rìmù kẹ̀kẹ́ kan tí wọ́n so mọ́ abẹ̀bẹ̀ kékeré, tí ọmọkùnrin kan ń fi ọwọ́ yí, ni ó ń fẹ́ atẹ́gùn sí iná. Ṣùgbọ́n owú tí Bàbá alágbẹ̀dẹ ń lu irin lórí rẹ̀ ti dán bí dígí, ó sì hàn pé ó ti pẹ́ níbẹ̀ ju ọjọ́ orí mi lọ. Bàbá kò kọ́kọ́ mẹ́nu ba owó. Ó fi okùn gbé orí àáké náà rọ̀, ó fi ọmọ owú kan án lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó sì tẹ́tí. Ó dún gooro bí agogo. Ó ní, “Tíṣà, ara rẹ̀ le. Bí ó bá ti sán ni, ẹ̀ bá gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀.” Lẹ́yìn náà ni ó fa fáìlì kọjá lójú rẹ̀ níbi mẹ́ta. Bí fáìlì bá ń yọ̀ bọ̀rọ́ lórí irin láìjẹ ẹ́, irin náà ti le kọjá ààlà, yóò sì máa fọ́; bí ó bá sì ń wọlé bí ìgbà tí a ń gé ọṣẹ, irin náà ti rọ̀ jù, ẹnu rẹ̀ kò ní pẹ́ kú. Ti àáké mi, fáìlì ń jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ ní àárín bí ó ti yẹ, ṣùgbọ́n ní igun tí ó fọ́, ó rọ̀. Ibẹ̀ ni Bàbá ti mọ̀ pé ẹnì kan ti fi gíráńdà àwọn wẹ́dà pọ́n ọn rí, tí ooru gíráńdà sì ti gba líle irin náà lọ.

Ohun tí wọ́n ṣe lẹ́yìn èyí ni mo fi ń yìn wọ́n fún gbogbo ẹni tí ó bá bi mí. Wọn kò ju gbogbo orí àáké sínú iná. Ẹnu rẹ̀ nìkan ni wọ́n tì bọ inú èédú títí tí ó fi pọ́n roro, Bàbá sì fi ọmọ owú fa igun náà jáde títí tí ó fi bá ìyókù dọ́gba. Nígbà tí ó tún gbóná tó lẹ́ẹ̀kejì, ó rì í bọ omi, ó yọ ọ́ kíá kí gbogbo ooru rẹ̀ tó tán, ó fi òkúta ha ojú rẹ̀ kí ó lè dán, ó sì ń wo àwọ̀ tí ń rìn bọ̀ láti ẹ̀yìn wá sí ẹnu. Ó kọ́kọ́ dà bí oyin, ó dà bí àwọ̀ obì tí ó ti gbó, ó wá ń lọ sí elésè àlùkò. Kí ó tó di àwọ̀ aró ni Bàbá tún rì í bọ omi pátápátá. Kò sí ẹ̀rọ tí a fi ń mọ bí nǹkan ti gbóná tó níbẹ̀, kò sì sí aago. Ojú rẹ̀ ni ó fi ń wọ̀n ọ́n, ọmọ tí ń yí rìmù kò sì gbọdọ̀ sọ̀rọ̀ ní gbogbo àsìkò náà.

Nígbà tí ó kan pípọ́n, mo béèrè bóyá kí a má gbé e lọ sọ́dọ̀ wẹ́dà tí ó wà lódìkejì títì kí ó lè yá. Bàbá wò mí bí ẹni tí ó sọ̀rọ̀ àlùfààṣá. Fáìlì àti òkúta ìpọ́nbẹ tí a ń bu omi sí ni ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ lò fún nǹkan bíi wákàtí méjì. Èmi tí mo ń gbé Ìlọrin, tí wọ́n máa ń sọ fún wa pé ara òkúta ìlọ́-irin àwọn ọdẹ ni orúkọ ìlú náà ti wá, mo wá jókòó tì í, mo sì ń gbọ́ ohùn irin lórí òkúta, ó sì tẹ́ mi lọ́rùn ju bí mo ti rò lọ. Nígbà tí ó ṣe tán, àáké náà ń fá irun apá.

Irin parí síbẹ̀. Igi ni ó kù, ibẹ̀ ni ẹjọ́ mi sì wà.

Àáké ilẹ̀ wa, irin ni ó ń wọ inú igi: a ó fi irin gbígbóná lu ihò sí ibi tí orí igi náà ti ki, ìrù irin á wọ inú ihò yẹn, gbogbo ìgbà tí a bá sì ṣá a mọ́ igi ni ó ń há mọ́ra sí i. Àáké òyìnbó yàtọ̀, nítorí pé igi ni ó ń wọ inú irin, láti ìsàlẹ̀ ihò bọ́ sí òkè, tí a ó sì fi igi tàbí irin pẹlẹbẹ há a láti òkè kí ó má baà yọ. Èyí túmọ̀ sí pé ohun gbogbo dúró lórí bí igi náà bá ti gbẹ tó. Ní ilé àgbẹ̀dẹ yìí, igi tútù ni wọ́n fi ṣe èèkù fún mi. Ìṣan igi náà sì gba ojú àáké kọjá níbùú dípò kí ó bá a lọ ní gbọọrọ, èyí tí ó máa ń jẹ́ kí èèkù ṣẹ́ níbi tí a kò retí. Mo rí i lọ́jọ́ tí mo lọ gbà á, ṣùgbọ́n ọjọ́ mẹ́sàn-án ti kọjá lórí iṣẹ́ tí wọ́n ní ọjọ́ mẹ́ta, mo sì fẹ́ máa lọ. Ẹ̀bi mi ni apá kan.

Oṣù Kejìlá wọlé pẹ̀lú ọyẹ́. Ní ọjọ́ kejì tí mo ń lò ó, orí àáké bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Mo rì í sínú omi mọ́jú. Ó há fún ọjọ́ kan, ó sì tú ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, nítorí pé omi mú kí igi wú títí tí irin fi fún un mọ́ra, nígbà tí ó sì tún gbẹ, ó kéré ju bí ó ti wà tẹ́lẹ̀ lọ. Irin kílò 1.8 tí ó bá fò kúrò lórí igi nígbà tí a ń jù ú kì í bi ẹnikẹ́ni léèrè kí ó tó bà á. Mo dá iṣẹ́ dúró, mo padà lọ bá Bàbá. Kò bá mi jiyàn. Ó ní, “Irin ni iṣẹ́ mi, Tíṣà,” ó sì dá ₦2,000 padà nínú ₦4,000 tí ó gbà fún èèkù. Mo rò pé ó yẹ kí ó ti sọ bẹ́ẹ̀ fún mi ní ọjọ́ àkọ́kọ́. Iṣẹ́ irin náà jẹ́ ₦9,000, n kò sì bínú sí kọ́bọ̀ kan nínú rẹ̀.

Gbẹ́nàgbẹ́nà kan ní Ìlọrin ni ó gbẹ́ èkejì láti ara igi àyìn tí ó ti wà ní gbígbẹ lókè àjà rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù. Àyìn wúwo, apá á kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ó le, kò sì tètè ṣẹ́. Ó yẹ ìṣan igi wò kí ó tó fi ayùn kàn án. ₦6,500 ni, láti ìgbà náà wá orí àáké kò sì tíì mì.

Nípa gígé igi lulẹ̀, n kò rí ohun tí mo lè fi bú irin yìí. Igi kaṣú kì í ga, ṣùgbọ́n ẹ̀ka rẹ̀ máa ń tẹ́ rẹrẹ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ẹni tí kò bá sì wo ibi tí ìwúwo rẹ̀ wà kí ó tó bẹ̀rẹ̀ yóò rí i níbi tí kò retí. Mo kọ́kọ́ ń ṣá ojú àkọ́kọ́ sí ìhà tí mo fẹ́ kí ó wó sí, títí tí yóò fi wọlé tó ìdá kan nínú mẹ́ta igi náà, lẹ́yìn náà ni mo ń bọ́ sí ẹ̀yìn, mo ń ṣá a níbi tí ó ga ju ojú àkọ́kọ́ lọ díẹ̀, tí mo sì ń fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ sílẹ̀ láàárín méjèèjì kí ó lè darí ìṣubú rẹ̀ bí ìlẹ̀kùn. Ọ̀nà àbáyọ mi ti wà ní ṣíṣán sílẹ̀ sẹ́yìn, kì í ṣe tààrà sẹ́yìn igi, bí kò ṣe sí ẹ̀gbẹ́. Igi ẹmi kan wà nítòsí tí ìyá mi àgbà máa ń ṣa èso rẹ̀ fi ṣe òrí, n kò sì mọ bí n ó ti ṣàlàyé fún ẹnikẹ́ni nílé wa bí kaṣú bá wó lé e lórí. Kò wó lé e. Igi tí ó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 35 gbà mí ní nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, èérún tí ó ń fò jáde sì tóbi tó àtẹ́lẹwọ́. Igi mẹ́ta ni mo gé kí n tó tún gbé òkúta ìpọ́nbẹ.

Àáké tuntun tí wọ́n ń tà lọ́jà ní nǹkan bíi ₦12,000 nígbà náà wà nílé wa pẹ̀lú, mo sì dán an wò lára igi kan náà. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ki jù. Ó máa ń la igi ìdáná dáadáa nítorí bí ó ti ki yẹn, ṣùgbọ́n lára igi tí ó dúró, ó ń ta padà, kò wọlé. Elwell tẹ́ẹ́rẹ́ ní ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó ń jìn wọ inú igi, ó sì ń jáde láìjà.

Gígé igi tí ó ti wó sí ìtì jẹ́ ọ̀rọ̀ mìíràn. Ọgbẹ́ tí a ó ṣá gbọ́dọ̀ fẹ̀ tó bí igi ti nípọn tó kí àáké má baà há sí ìsàlẹ̀, a ó ṣá a dé ìdajì, a ó yí sí òdìkejì, a ó tún bẹ̀rẹ̀. Bí igi bá fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 35, igi inú ọgbẹ́ tí ẹnu rẹ̀ fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 35 ni a ń sọ di èérún lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ẹni tí ó bá sì fẹ́ ta ìtì náà fún àwọn tí ń sun èédú yóò rí i pé èrè rẹ̀ wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ẹ̀yìn mi dùn mí fún ọjọ́ mẹ́rin. Láti igi kẹrin ni mo ti yá ayùn gígùn tí ènìyàn méjì ń fà lọ́wọ́ aládùúgbò wa, èmi àti ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ń fà á, àáké sì kù fún ẹ̀ka nìkan, níbi tí ó ti yára ju ohunkóhun lọ.

₦28,500 ni gbogbo rẹ̀ jẹ mí, bí a bá yọ ₦2,000 tí Bàbá dá padà. Igi kaṣú méjì ṣì wà nílẹ̀ lóko náà. Bí mo bá tún rí orí àáké bẹ́ẹ̀ nínú irin àlòkù, ojú ọ̀nà Ọ̀mù-Àrán náà ni n ó gbé e lọ, ṣùgbọ́n n ó sọ fún Bàbá kí ó fún mi ní irin náà nìkan, láìfi èèkù sí i.