Ìkìlọ̀ fún Ẹ̀yin Tó Fẹ́ Ra Ọkọ̀ Akẹ́rù Fọ́ọ̀-wíìlì Àtijọ́: Ẹ Má Sanwó Kí Ẹ Tó Wo Abẹ́ Rẹ̀

Ẹ̀yin ará tí ẹ ń wá ọkọ̀ akẹ́rù fọ́ọ̀-wíìlì àtijọ́, èyí tí ẹ́ńjìnnì lè yí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rẹ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fara balẹ̀ ka ọ̀rọ̀ yìí kí ẹ tó fi owó ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni. Oníṣòwò kan wà tó máa ń ra àlòkù tí ṣáásì rẹ̀, ìyẹn egungun irin tó gbé gbogbo ọkọ̀ ró, ti jẹrà, tí yóò kùn ún lọ́dà tuntun, tí yóò pè é ní ọkọ̀ tí a tún ṣe látòkèdélẹ̀, tí yóò sì máa gba owó àsansílẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tí kò tíì fojú kan ọkọ̀ náà rárá. N kò dárúkọ rẹ̀ nítorí pé orúkọ tó ń lò kì í pẹ́ yí padà. Ìwà rẹ̀ ni kì í yí padà, ìwà náà sì ni mo fẹ́ kí ẹ fi dá òun àti àwọn bíi tirẹ̀ mọ̀.

Irú ọkọ̀ tó ń fi ń fa ojú ènìyàn mọ́ra ni èyí tí gbogbo wa ń wá: Power Wagon tí ilé iṣẹ́ Dodge bẹ̀rẹ̀ sí í tà fún aráàlú ní ọdún 1946, lẹ́yìn tí irú rẹ̀ ti ṣiṣẹ́ fún ọmọ ogun Amẹ́ríkà nínú Ogun Àgbáyé Kejì, Land Rover, èyí tó kọ́kọ́ jáde ní ọdún 1948, àti Toyota Land Cruiser FJ40, tí wọ́n ṣe láti ọdún 1960 títí di ọdún 1984. Ọkọ̀ tó lágbára ni gbogbo wọn, wọ́n sì ti dẹ́kun ṣíṣe irú àtijọ́ wọ̀nyí. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé bí ènìyàn bá rí ọ̀kan tó mọ́ tónítóní, ọkàn rẹ̀ a ti máa sáré. Ibi tí ọkàn ti ń sáré yìí gan-an ni oníjìbìtì ti ń rí àyè.

Mo bá àbúrò mi kan lọ wo Land Rover kan lọ́dọ̀ oníṣòwò yìí. Ọ̀dà ara rẹ̀ ń dán, àga inú rẹ̀ jẹ́ tuntun, táyà rẹ̀ kò sì tíì jẹ. Nígbà tí a bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti wo abẹ́ rẹ̀, ọ̀dà dúdú tó nípọn bí ọ̀dà títì ni wọ́n fi bo ṣáásì náà láti iwájú dé ẹ̀yìn, ó sì tutù tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí a gbé ọkọ̀ náà sókè. Oníṣòwò náà ní jáàkì òun ti bàjẹ́, ó tún ní ẹlòmíràn ń bọ̀ wá sanwó rẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. Mo yọ òòlù kékeré tí mo mú lọ́wọ́, mo sì rọra ń fi kan ṣáásì náà láti ibì kan dé ibòmíràn. Níwájú, ó ń dún kọ́n-kọ́n, bí irin tó lera ṣe máa ń dún. Nígbà tí mo dé ibi tí sípíríǹgì ẹ̀yìn ti so mọ́ ọn, ohùn rẹ̀ yí padà, ó ń dún pọ̀-pọ̀, èèpá ọ̀dà dúdú náà sì já bọ́ pẹ̀lú ìpẹtà. Páànù tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n jó mọ́ ibẹ̀ láti fi bo ihò. Ibi tí gbogbo ẹrù ọkọ̀ ń tẹ̀ sí ni wọ́n fi páànù pa lójú dé yẹn o!

Ó yẹ kí ẹ mọ ìdí tí ẹ̀tàn yìí fi rọrùn jù lọ lára Land Rover. Lẹ́yìn ogun, irin ṣọ̀wọ́n ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nítorí náà ni wọ́n ṣe fi alumíníọ́mù ṣe ọ̀pọ̀ jù lọ nínú ara ọkọ̀ náà, alumíníọ́mù kì í sì í dípẹtà bí irin. Ṣùgbọ́n irin ni ṣáásì rẹ̀, ó ní ihò nínú gbọọrọ, omi àti ẹrẹ̀ a máa dúró sínú ihò náà, ìpẹtà a sì máa jẹ ẹ́ láti inú wá síta. Ara ọkọ̀ lè dára kí ṣáásì rẹ̀ ti kú. Ẹni tó bá wá ń yẹ ọ̀dà wò nígbà tí ṣáásì ń jẹrà, ẹ̀tẹ̀ ló fi sílẹ̀ tó ń pa làpálàpá. Lára Power Wagon àti FJ40, tí irin jẹ́ ara wọn, ẹ mú òòfà lọ́wọ́: ibi tí òòfà kò bá ti lẹ̀ mọ́ irin dáadáa, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé àtè tí àwọn apánẹ́ẹ̀lì fi ń dí ihò ni wọ́n fi dí i. Òòfà kò lè sọ ohunkóhun fún yín lára alumíníọ́mù, nítorí náà ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ìyẹn tàn yín jẹ.

Ẹ̀tàn kejì ni ti nọ́ńbà ṣáásì, èyí tí a fi ń dá ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan mọ̀. Oníṣòwò yìí a máa yọ irin pẹlẹbẹ tí wọ́n tẹ nọ́ńbà sí lára ọkọ̀ tó ti kú, ṣùgbọ́n tí ìwé rẹ̀ pé, yóò sì kàn án mọ́ ọkọ̀ mìíràn tí kò ní ìwé. Bí ìṣó tó dè é bá ń kọ mọ̀nà nígbà tí gbogbo irin tó yí i ká ti darúgbó, ẹ fura. Lára FJ40 àti ọ̀pọ̀ Land Rover àtijọ́, wọ́n tẹ nọ́ńbà sára ṣáásì fúnra rẹ̀ níwájú lápá ọ̀tún, nítòsí ibi tí sípíríǹgì ti so mọ́ ọn. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha ibẹ̀ títí ẹ ó fi rí i, kí ẹ sì fi wé nọ́ńbà inú ìwé ọkọ̀, létà kan tẹ̀ lé òmíràn. Bí ẹ bá rí i pé wọ́n ti fi ẹ̀rọ lọ ojú ibẹ̀, ẹ kúrò níbẹ̀ láìjiyàn, nítorí ọkọ̀ olè lè dé ọwọ́ yín lọ́nà bẹ́ẹ̀, kí ọlọ́pàá sì gbà á lọ láìsí pé ẹnikẹ́ni dá owó yín padà.

Ẹ rí i dájú pẹ̀lú pé fọ́ọ̀-wíìlì ni ọkọ̀ náà lóòótọ́. Mo ti rí èyí tí wọ́n ti tú jíà tó ń yí táyà iwájú rẹ̀ dànù, tó sì jẹ́ pé ẹ̀yìn nìkan ló ń fà. Bí ó bá ní họ́ọ̀bù tí a ń tì níwájú, ìyẹn ohun tó wà ní àárín táyà tí a fi ń so táyà pọ̀ mọ́ jíà, ẹ tì méjèèjì, ẹ fi jíà sí ipò tí ẹ̀yìn nìkan ti ń fà, ẹ fi òkúta dí táyà ẹ̀yìn, ẹ fi jáàkì gbé táyà iwájú kan kúrò nílẹ̀, kí ẹ sì fi ọwọ́ yí i: ọ̀pá pùrọ̀pẹ́là iwájú, èyí tó ń gbé agbára láti inú jíà lọ sí táyà iwájú, gbọ́dọ̀ bá a yí. Lẹ́yìn náà, ẹ fi jíà sí fọ́ọ̀-wíìlì, kí ẹ sì wà á lórí ilẹ̀ rírọ̀. Ẹ má ṣe é lórí ọ̀dà títì tó gbẹ, torí pé iwájú àti ẹ̀yìn a máa fa ara wọn, wọ́n sì lè fọ́ jíà. Bí òróró inú ásùlù, ìyẹn ibi tí jíà tó ń yí táyà wà, bá funfun bíi mílíìkì, omi ti wọ inú rẹ̀.

Ní ti ẹ́ńjìnnì, ẹ fi ọwọ́ kàn án kí wọ́n tó tan án. Bí ó bá ti gbóná kí ẹ tó dé, wọ́n fẹ́ fi èéfín àti ìṣòro títan rẹ̀ pamọ́ ni. Ẹ padà wá nígbà tí ó bá tutù.

Àwọn tó ń rajà láti ọ̀nà jíjìn ni mo bẹ̀rù fún jù. Àwòrán ọkọ̀ ọlọ́kọ̀ ni oníṣòwò yìí máa ń jí lò, iye tó sì máa ń pè é máa ń kéré sí ti ọjà dáadáa. Ẹ ní kó ṣe fídíò lójú ẹsẹ̀, kí ó kọ ọ̀rọ̀ tí ẹ̀yin fúnra yín bá sọ sórí bébà, kí ó gbé e sórí ọkọ̀ náà, kí ó sì fi nọ́ńbà ṣáásì hàn yín láìgé fídíò. Bí ó bá ní òun yóò fi ọkọ̀ ránṣẹ́ nípasẹ̀ ilé iṣẹ́ akẹ́rù tí òun yàn, tó sì ní kí ẹ san owó sínú àpò ilé iṣẹ́ náà kí ẹ tó rí ọkọ̀, gbájú-ẹ̀ ni. Bí ẹ kò bá lè lọ, ẹ san owó fún mẹkáníìkì tí ẹ̀yin fúnra yín wá, kì í ṣe èyí tí òun júwe, kí ó lọ wò ó fún yín.

Ẹ̀yin tí ẹ ti sanwó, ẹ kàn sí báńkì yín lónìí, kí ẹ sì sọ fún wọn pé jìbìtì ni, nítorí bí owó náà bá ṣe ń pẹ́ sí i ni gbígbà á padà ń le sí i. Ẹ má pa ìjíròrò yín pẹ̀lú rẹ̀ rẹ́. Ẹ tọ́jú àwòrán, nọ́ńbà àpò owó àti ìwé tó fi ránṣẹ́, kí ẹ kó gbogbo rẹ̀ lọ bá ọlọ́pàá. Bí ó bá tún pè yín pé ó ku owó díẹ̀ kí ọkọ̀ tó gbéra, ẹ má san án.